Connemara: Wíìsíkì Elééfín Tí Wọ́n Ń Pọn Nítòsí Ilé Mi

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti lò ní ìlú Dundalk, ní agbègbè Louth ní ilẹ̀ Írẹ́lándì, àwa ọmọ Nàìjíríà kò sì kéré níbẹ̀. Síbẹ̀ ó tó ọdún kẹfà kí n tó mọ̀ pé ilé ìpọntí Cooley, níbi tí wọ́n ti ń pọn wíìsíkì tí à ń pè ní Connemara, kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà mi rárá. Orúkọ ara ìgò ni ó ṣì mí lọ́nà. Connemara jẹ́ ilẹ̀ olókè àti alábàtà ní agbègbè Galway, ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ó jẹ́ òdìkejì pátápátá sí ọ̀dọ̀ wa. Orúkọ nìkan ni wọ́n yá níbẹ̀. Mo ti mu ìgò mẹ́ta tán láti ìgbà náà, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó bá ń rò ó bóyá kí òun rà á.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tọ́ ọ wò kò dára. Ilé ọtí kan ni wọ́n ti bù ú fún mi nínú ife fífẹ̀ tí yìnyín kún dé ẹnu. Mo gbé e sí imú, n kò gbọ́ òórùn kankan. Mo mu ún, òtútù àti ìkorò díẹ̀ ni mo bá níbẹ̀, mo sì gbà pé ọtí yìí kì í ṣe tèmi. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, bàbá kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tí ó jẹ́ ọmọ bíbí àdúgbò Cooley, bu díẹ̀ fún mi nílé rẹ̀ nínú ife kékeré tí ikùn rẹ̀ tóbi tí ẹnu rẹ̀ sì há, láìsí yìnyín. N kò tíì gbé e dé imú tí òórùn èéfín fi pàdé mi lọ́nà. Ilé ìdáná ìyá mi àgbà ní Ẹ̀pẹ́ ni ọkàn mi lọ tààrà, níbi tí a ti ń to ẹja sórí iná, tí èéfín sì máa ń wọ aṣọ, irun àti ẹní tí a ń sùn lé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń gbóòórùn rẹ̀ síwájú sí i ni mo rí i pé èéfín yìí kì í ṣe ti igi. Èéfín igi máa ń ta imú, ó máa ń mú omi jáde lójú. Èyí rọ̀, ó ní adùn díẹ̀, òórùn ilẹ̀ tútù sì wà lábẹ́ rẹ̀, bí ìgbà tí òjò bá rọ̀ sórí eérú.

Ohun tí wọ́n fi dáná ni ó fà á. Turf ni àwọn ará ibí ń pè é: ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń gé nínú àbàtà, tí ó jẹ́ àkójọ koríko àti ewéko tí omi ti bò mọ́lẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún láì jẹ́ kí ó jẹrà tán. Wọ́n á gé e bí búlọ́ọ̀kù, wọ́n á sá a títí yóò fi gbẹ, wọ́n á sì máa fi í dáná bí àwa ṣe ń fi igi dáná. Ẹni tí ó bá mọ bí a ti ń ṣe ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò ní pẹ́ lóye ìyókù: a ó rẹ ọkà, a ó jẹ́ kí ó hù, a ó sì mú un gbẹ kí ó má baà hù kọjá bó ti yẹ. Ọkà báálì ni tiwọn. Bí wọ́n bá fi iná turf yan án nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀, èéfín á lẹ̀ mọ́ èèpo ọkà náà. Wọ́n á pọn ọ́n, wọ́n á sè é títí ooru rẹ̀ yóò fi tún di omi gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe sí ògógóró, wọ́n á fi pamọ́ sínú àgbá onígi fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ náà ti wí, èéfín yẹn ṣì máa wà níbẹ̀. Ohun tí ó wú mi lórí jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn: láti ara ọkà ni èéfín ti wá, kò sẹ́ni tí ó dà á sínú ìgò.

Irú ọtí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Írẹ́lándì. Wíìsíkì tí wọ́n sè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ó ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun, tí kò sì ní èéfín, ni ayé mọ̀ mọ́ wọn; èéfín di ti àwọn ará Skọ́tlándì. John Teeling, ẹni tí ó sọ ilé iṣẹ́ ìjọba kan tí wọ́n ti ń fi pòtétò ṣe ògidì ọtí di ilé ìpọntí Cooley ní 1987, ni ó dá èéfín padà sí ọjà wọn pẹ̀lú Connemara ní àárín àwọn ọdún 1990. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń sè é, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, mo sì gbà pé èyí wà lára ìdí tí ó fi ní ara ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ ọlọ́tí Beam ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ra Cooley ní 2012, àwọn Suntory ti ilẹ̀ Japan sì ra Beam ní 2014.

Bí mo ṣe ń mu ún nìyí. Mo máa ń bu ìwọ̀n ṣíbí ìmùkọ méjì, n ó sì gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹ bá yára fimú sí i, gbígbóná ọtí nìkan ni ẹ ó gbọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà, èéfín á ti fà sẹ́yìn díẹ̀, oyin á sì jáde, lẹ́yìn rẹ̀ ni òórùn ápù tútù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ní ẹnu, adùn ọkà ni ó kọ́kọ́ dé, bí ẹ̀kọ mímu tí a fi oyin sí. Èéfín á tẹ̀ lé e láti ẹ̀yìn ahọ́n, ata díẹ̀ á sì ta ní etí ètè. Ẹ kán omi mẹ́ta sí i, kí ẹ má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oyin náà á gbòòrò sí i, èéfín á sì di ti iná tí a ti pa lálẹ́ àná. Mo ti tọ́ àwọn elééfín erékùṣù Islay ní Skọ́tlándì wò, pàápàá Laphroaig tí òórùn rẹ̀ rán mi létí oògùn tí wọ́n fi ń nu ojú egbò. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n èéfín gba ilé mọ́ ọkà lọ́wọ́ níbẹ̀. Nínú Connemara, àwọn méjèèjì jọ ń gbé.

Àléébù rẹ̀ kò ju méjì lọ, ẹ̀kejì sì dùn mí. Ìkíní ni pé agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn òǹkà tí ó kéré jù tí òfin gbà fún wíìsíkì, nítorí náà ẹni tí ó bá bu omi púpọ̀ sí i ti bà á jẹ́. Èkejì ni pé kì í pẹ́ lẹ́nu. Èéfín tí ó wọlé pẹ̀lú ọlá tó bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó dúró títí a ó fi dìde, ṣùgbọ́n ó máa ń lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ìkorò díẹ̀ bí ti kòkó gbígbẹ ni yóò sì kù.

Ẹni tí èyí bá bí nínú lè wo Blackpitts, èyí tí wọ́n ń ṣe ní ilé ìpọntí tí àwọn ọmọ John Teeling ṣí ní Dublin ní 2015. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ń sè é bó tilẹ̀ jẹ́ elééfín, agbára rẹ̀ sì jẹ́ 46. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí a yan lórí ẹ̀yinná ni mo gbọ́ nínú rẹ̀, ó sì pẹ́ lẹ́nu ju Connemara lọ dáadáa. Àmọ́ òórùn ilẹ̀ tútù tí mo fẹ́ràn kò sí níbẹ̀, nítorí náà Connemara ni mo tún padà rà.

Ẹ má fi sùyà bá a rìn. Ata á pa ahọ́n kí ọtí tó dé. Ẹ̀pà yíyan tí kò ní iyọ̀ púpọ̀ bá a mu. Bí ìgò bá sì ti dé ìdajì, ẹ má tọ́jú rẹ̀ kọjá oṣù mélòó kan mọ́, nítorí afẹ́fẹ́ inú ìgò máa ń mú èéfín náà rẹ̀. Ìgò mi kejì ni mo fi kọ́ èyí: mo tọ́jú rẹ̀ de àlejò fún ọdún kan gbáko, nígbà tí àlejò náà dé, oyin nìkan ni a bá nínú rẹ̀.