Ilé ìlera ìjọba kan ní Àgbádárìgì tí kì í gbàgbé ará òdìkejì ọ̀sà

Bí ẹ bá lóyún tàbí tí ẹ ní ọmọ ọwọ́ lágbègbè Àgbádárìgì, ẹ kọ́kọ́ yà sí ilé ìlera ìjọba kí ẹ tó kó owó lọ fún ilé ìwòsàn aládàáni. Èyí tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, èmi ni mo ń sin ìyàwó àbúrò mi lọ síbẹ̀ títí ó fi bímọ. Ègùn ni ìyàwó mi yìí, ìhà Gberefu ní òdìkejì ọ̀sà ni wọ́n ń gbé, kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Yorùbá.

Ètò nọ́ńbà wọn ló wù mí jù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn, gbogbo wa sì gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ́kọ́ dé? Àwa tí ilé wa wà láàárín ìlú ni. Ẹni tó ń dúró kí ọkọ̀ ojú omi kún kó tó ṣí, báwo ló ṣe fẹ́ bá wa du aago méje? Níbí, wọ́n máa ń yọ nọ́ńbà díẹ̀ sọ́tọ̀ dè wọ́n. Páálí ni wọ́n gé, wọ́n fi báírò kọ nọ́ńbà sí i, wọ́n wá fa ìlà pupa sára ti àwọn ará òdìkejì. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan yarí pé òun ti jókòó látàárọ̀, kí ló dé tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé fi ń wọlé ṣáájú òun? Mẹ́tírọ́ọ̀nù fúnra wọn ló jáde wá. Wọ́n ní, “Ẹ má bínú, ìyá wa. Bí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ bá lọ tán, ibo lẹ fẹ́ kí obìnrin yìí sùn?” Ìyá náà ò sọ̀rọ̀ mọ́, ó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì.

Nọ́ọ̀sì tó ń rí sí ìyàwó mi gbọ́ Ègùn dáadáa. Níbi tá a ti kọ́kọ́ lọ, èmi ni mò ń ṣe ògbufọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun kan wà tí obìnrin ò ní fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ òun gbọ́. Nígbà tó di òun àti nọ́ọ̀sì nìkan, ó sọ pé ìtọ̀ ń ta òun. Wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n fún un lóògùn. Kò sọ ọ́ fún mi rí!

Fansidar tí aláboyún ń lò nítorí ibà, wọn kì í fún un lọ sílé. Hóró mẹ́ta, ife omi kan, nọ́ọ̀sì á dúró tì í títí yóò fi gbé e mì, á sì kọ ọ́ sórí káàdì. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mẹta ló yẹ kó lò ó kó tó bímọ, oṣù kan láàárín.

Wọ́n tún ń gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára sọdá nínú kúlà oníyìnyín. Ọmọ tó yẹ kó gbà á ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ò ní pàdánù rẹ̀ nítorí owó ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ HPV tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 lọ́dún 2023 nítorí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, wọ́n wá àwọn tí kò sí níléèwé kàn nílé. Inú mi dùn sí èyí gan-an.

Oògùn ni ìṣòro wọn. Ó máa ń tán, wọ́n á ní kí ẹ lọ rà á ní kẹ́míìsì. Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó rẹ̀ sọ́tọ̀ fún irú ibi báyìí. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ti ní òfin ìbánigbófò ìlera láti ọdún 2015. Ṣùgbọ́n kí ni tálákà fẹ́ fi káàdì ìbánigbófò Ìlera Èkó ṣe níwájú pẹpẹ oògùn tó ṣófo? Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wọn náà ò dára: ọkùnrin méjì ni mo rí tí wọ́n gbé bàbá kan tòun ti àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ọ̀sán ni ìyàwó mi bí, a dúpẹ́. Ẹni tí ọmọ bá mú lóru ní òdìkejì, kò sí ọkọ̀ tó máa gbé e wá. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí yóò máa sùn sí èbúté, pẹ̀lú awakọ̀ àti epo nínú táǹkì, ni mo fẹ́ kí ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn.