Bedford tí sójà ti lò tì àbí Mercedes 911: èwo ni kí ẹ fi ṣe ọkọ̀ ogun àfarawé?

Bí ẹ bá ń wá lọ́rì tí ẹ ó sọ di ọkọ̀ ogun onírin fún fíìmù, tàbí fún ìfẹ́ inú yín lásán, méjì ni wọn yóò máa fi lọ̀ yín láyìíká Ifẹ̀ àti Iléṣà: Bedford RL tí sójà ti lò tì, tàbí Mercedes 911 tó ti ru gẹdú títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Mo ti ra Bedford. Mo ti fi 911 ṣiṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. N ó gbìyànjú kí n má ṣe ojúsàájú.

Bedford ló máa ń kọ́kọ́ wu èèyàn. Ẹni tó bá rántí bọ́lẹ̀kájà mọ orúkọ náà, ṣùgbọ́n RL kì í ṣe ti èrò ọjà. Iṣẹ́ ogun ni wọ́n dìídì ṣe é fún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún 1953, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń fà. Bí ọmọdé bá rí i lókèèrè, á kígbe pé sójà dé. Ohun tó tàn mí jẹ nìyẹn. Àṣé ojú sójà yẹn gan-an la máa fi irin bò mọ́lẹ̀!

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ooru, torí òun ló jẹ mí lówó.

Àwọn oníṣẹ́ fíìmù kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Parakin n'Ífẹ̀. Ìtàn ogun abẹ́lé ni wọ́n fẹ́ yà, ti ọdún 1967, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba agbègbè Midwest kọjá títí dé Ọ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ Saladin, ọkọ̀ ogun tí ìjọba àpapọ̀ lò nígbà náà. Imú Saladin kò níhò. Irin gbọọrọ ló dà wálẹ̀ bí òrùlé. Ìdí ni pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà, ẹ̀yìn náà ló sì ti ń mí. Imú ni lọ́rì fi ń mí ní tirẹ̀. Dírẹ́kítọ̀ ní òun kò fẹ́ rí ihò kankan níwájú. Èmi náà ń wá ìyìn, mo jó irin 2mm pa imú Bedford pátápátá. Ó rẹwà. Àwọn èèyàn ń ti Modákẹ́kẹ́ wá ya fọ́tò.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, a gbé e gba ọ̀nà Ifẹ̀wàrà. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí ọwọ́ aago ooru fi gòkè tí kò bọ̀ mọ́. Inú kábíìnì Bedford RL ni ẹ́ńjìnì wà, láàárín dẹ́rẹ́bà àti ẹni tó jókòó tì í, a sì ti fi irin bo kábíìnì ọ̀hún yíká, ó ku ihò tóóró kan tí wọ́n fi ń ríran. Ọmọ tó ń wà á bọ́ sílẹ̀, itan rẹ̀ ti pọ́n. Bẹntiróòlù ti ń hó nínú páìpù kó tó dé kábúrétọ̀, níbi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnì kú, omi tú jáde, gásíkẹ́ẹ̀tì orí, ìyẹn abala pẹlẹbẹ tó ń dí àárín ẹ́ńjìnì àti hẹ́ẹ̀dì tó dé e lórí, jó, hẹ́ẹ̀dì ọ̀hún sì tẹ̀. Wọ́n yọ owó ọjọ́ yẹn nínú owó iṣẹ́ mi.

Ìyà kejì ni wíwá gásíkẹ́ẹ̀tì. Mo wá a n'Ífẹ̀, mo wá a n'Iléṣà, mo dé Gate n'Ìbàdàn, mo ránṣẹ́ sí Ládípọ̀ l'Ékòó. Àwọn ọmọ tó ń ta páàtì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ fi owó ẹyọ ra búrẹ́dì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Bàbá àgbàlagbà kan n'Iléṣà ló fọwọ́ gé e fún mi nígbẹ̀yìn. Mo ní kí wọ́n bá mi gé méjì, torí ọkàn mi ò balẹ̀.

Bí Bedford bá ti wọ̀ yín lójú tí ẹ ò gbọ́, ẹ fi àyè bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sílẹ̀ láàárín irin iwájú àti rédíétọ̀ tó ń mú kí omi ẹ́ńjìnì tutù. Ẹ ṣí ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ fi àwọ̀n dúdú bò ó kí kámẹ́rà má rí i. Afẹ́fẹ́ tó bá sì wọlé gbọ́dọ̀ rọ́nà jáde. Ibẹ̀ ni mo tún ti ṣìṣe nígbà tí mo ń tún irin náà ṣe: mo ṣí iwájú, mo gbàgbé ẹ̀yìn, ooru wá kóra jọ síbẹ̀ bí èéfín ilé ìdáná tí kò ní fèrèsé. Ẹ gé ihò sókè ẹ́ńjìnì àti sẹ́yìn táyà iwájú.

Iwájú ni rédíétọ̀ 911 wà lóòótọ́, bíi ti Bedford. Ṣùgbọ́n bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yọ síta, itan dẹ́rẹ́bà kọ́ ni ooru ń dojú kọ. Dísù ló ń mu, kò sí kábúrétọ̀ tí epo yóò ti hó. Imú tó yọ yẹn sì jọ ti Saracen, ọkọ̀ akérò sójà tí ilé iṣẹ́ Alvis tó ṣe Saladin ṣe. Iwájú ni ẹ́ńjìnì Saracen wà, ihò tí irin pẹlẹbẹ dábùú sì wà nímú rẹ̀. Ẹ fara wé Saracen, kí lọ́rì yín rí imú mí. Ẹni tó ń wo fíìmù kò mọ̀yàtọ̀, ìbọn ló ń wò. Gásíkẹ́ẹ̀tì 911 ńkọ́? Ọjọ́ tí mo béèrè rẹ̀ n'Ífẹ̀ níbí ni mo rà á.

Táyà mẹ́ta ni Saladin àti Saracen ní lápá kọ̀ọ̀kan. Ẹ so táyà òkú kan sáàárín, kó fi ìka méjì ga kúrò nílẹ̀. Ti 911, méjì-méjì ni táyà ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yọ ti ìta.

Ìwúwo kò yẹ kó da ẹnikẹ́ni láàmú. Saladin gidi tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 11, irin rẹ̀ tó nípọn jù jẹ́ 32mm. Ẹ má bá wọn dù ú. Irin 2mm tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ kò ju kílò 47 lọ, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ á tó bíi kílò 700. Ẹni tó ń ta irin á ní kí ẹ ra 3mm. Ọjà rẹ̀ ló ń tà. Ẹ fi pákó ṣe ilé ìbọn orí rẹ̀. 76mm ni ẹnu ìbọn Saladin, páìpù omi oníke ínṣì mẹ́ta sì bá a mu rẹ́gí.

Nínú ẹrọ̀fọ̀, Bedford ni baba. Ní gíga, Bedford ga jù, ọkọ̀ ogun yín á dà bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Epo: ẹ fi owó bẹntiróòlù òde òní ro ẹ́ńjìnì lítà 4.9 wò.

Bó bá jẹ́ ọkọ̀ Biafra lẹ fẹ́, ara á tù yín. Àwọn fúnra wọn ló ń fi irin bo ohun tọ́wọ́ wọn bá tẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní Red Devil; ọ̀kan wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ní Umuahia. Kò sẹ́ni tó máa bá yín jà pé igun rẹ̀ kò gún.

Nọ́ńbà ara ṣásíì àti ti inú ìwé gbọ́dọ̀ bára mu, pàápàá ohun tó bá ti ọwọ́ sójà wá. Ẹ má sì wà á lójú títì. Ẹ kọ̀wé sí ọlọ́pàá àti bárékè kó tó dọjọ́ iṣẹ́, ẹ gbé e sórí tírélà, ẹ fi tapólì bò ó.

Ní ti ìdájọ́, méjèèjì dára. Bí inú ẹrọ̀fọ̀ lẹ ó ti lò ó, tí ẹ ní mẹkáníìkì àgbà tó ti ń tú Bedford láti kékeré, tí ẹ sì ní sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ ra Bedford. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, 911. Bedford tèmi ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, adìẹ ará ilé kejì ti yé sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Títà ni. Gásíkẹ́ẹ̀tì kejì ṣì wà nínú ọ̀rá, n ó fi ṣe èènì.