Sọ́fítíwíà tó ń wọn ojú ihò ACL: 73% tó yẹ kó jẹ́ 27%

Nọ́ńbà kan ló bí àgbéyẹ̀wò yìí: 73%. Orúnkún òsì tí wọ́n ti tún lígámẹ́ǹtì ACL rẹ̀ (okùn inú orúnkún tó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun) ṣe ni, àwòrán CT rẹ̀ (X-ray tó ń ya ara ní ẹ̀là-ẹ̀là) sì mọ́ kedere. Ẹ̀rọ, ìyẹn sọ́fítíwíà tí a ń yẹ̀ wò, ní ojú ihò tí wọ́n lu sínú eegun itan fún lígámẹ́ǹtì tuntun fi 73% jìnnà sí etí ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀, ojú lásán ti tó láti rí i pé apá ẹ̀yìn ló wà. A fi ọwọ́ fa àwọ̀n onílà tí wọ́n fi ń wọn ibi tí ihò wà, ó jẹ́ 27%. Ẹ̀rọ ti yí orúnkún òsì kó lè jọ ọ̀tún, kò yí àwọ̀n tẹ̀lé e, láti etí iwájú ló ti wá ń kà á.

Ọ̀rọ̀ yìí kò kéré rárá. Nínú ọ̀nà tí Bernard àti Hertel gbé kalẹ̀ ní 1997, àárín ibi tí ACL ti so mọ́ eegun itan wà ní nǹkan bí 25% láti ẹ̀yìn, àti nǹkan bí 28% sísàlẹ̀ ìlà Blumensaat (ìlà òrùlé àfo tó wà láàárín kókó méjèèjì ìsàlẹ̀ eegun itan). Ẹni tó bá gba 73% gbọ́ lè tún orúnkún tí ihò rẹ̀ dára là.

A kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe sọ́fítíwíà náà. Ẹni àkọ́kọ́ tó dáhùn níbẹ̀ ní, "Ẹ tún CT náà yà." Háà! Ṣé a ó tún da ìtànṣán bo aláìsàn torí àṣìṣe ẹ̀rọ ni? Ẹnì kejì gba fáìlì tí a ti yọ orúkọ aláìsàn kúrò nínú rẹ̀, ó sì dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹnì kẹta ni ọmọ iṣẹ́ gidi. Obìnrin náà pè, ó ní ká jọ ṣí fáìlì kan náà. Lójú kọ̀ǹpútà, ó yí eegun itan títí kókó méjèèjì fi bo ara wọn, lẹ́yìn náà ló tó gé kókó ẹ̀gbẹ́ inú kúrò. (Ẹni tó bá kọ́kọ́ gé e kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ pé àwòrán ti dúró ní ẹ̀gbẹ́ gan-an.) Ó tẹ ìlà Blumensaat mọ́ òrùlé àfo, ó ka etí tí nọ́ńbà ti bẹ̀rẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀rọ wa ló jẹ̀bi." Ọjọ́ méjì, àtúnṣe dé.

Látìgbà náà, iṣẹ́ ẹ̀rọ náà wù wá. Bí ìdálu (irin tí wọ́n fi ń lu ihò) bá wọ eegun ní ìdábùú, ojú ihò kì í rí roboto. Ẹ̀rọ yìí mọ̀ ọ́n, ó fa ìlà bí ẹyin yí i ká, ó sì mú àárín rẹ̀. Ti eegun ojúgun náà já geere. Ṣùgbọ́n bí ìdè onírin tó di lígámẹ́ǹtì mú bá wà lẹ́nu ihò, ìtànná irin (ìmọ́lẹ̀ tí irin ń tàn sínú àwòrán) ló ń fa ìlà yí ká. Ọwọ́ la fi ń tún un ṣe. CT tí ẹ̀là rẹ̀ nípọn ju 1 mm lọ máa ń sọ etí ihò di àtẹ̀gùn. Èyí tí wọ́n yà lẹ́yìn tí ihò ti fẹ̀ kò sì lè sọ ibi tí ìdálu gbà wọlé.

Ìwé àbájáde rẹ̀ kò tíì ń kọ òsì tàbí ọ̀tún, kò sì kọ etí tó ti bẹ̀rẹ̀ ìkà. Èyí ṣì ń dùn wá gan-an.

Máàkì: 4 nínú 5.