Ẹ ṣọ́ra o! Irin lásán ni wọ́n tà fún mi lórúkọ D2, irin líle tí a fi ń ṣe dáì

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe dáì tí ẹ̀rọ fi ń gé páànù, àti móòdù tí a fi ń da ike, ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ẹ dákun, ẹ ka èyí kí ẹ tó gbé owó lọ bá ẹnikẹ́ni tó ń ta irin. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí n ò tíì sùn gbádùn. Inú tó ń bí mi ló jẹ́ kí n kọ ọ́, ojú tó ń tì mí ni kò jẹ́ kí n tètè kọ ọ́.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí ní Ìjẹ̀bú Òde. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọmọdé ni wọ́n rẹ́ jẹ.

Oníbàárà mi kan ló gbé iṣẹ́ hínjì ilẹ̀kùn wá: ojú hínjì 25,000, páànù irin tó nípọn 2 mm, ó fẹ́ gbà á kí Iléyá tó dé. Dáì irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi irin kírin ṣe. Irin là ń gé, ohun tí yóò gé e gbọ́dọ̀ le jù ú lọ fíìfíì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní D2 ni mo fẹ́. Káríbọ́ọ̀nù inú D2 tó ìdá kan ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, kírómíọ̀mù rẹ̀ sì tó bí ìdá 12. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tètè kújú. SKD11 ni àwọn ará Japan ń pè é, àwọn ará Jámánì ní 1.2379. Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì tún kó sọ́wọ́ oníjìbìtì.

Lápá Ṣágámù ni ọkùnrin náà wà. Bí mo ṣe dé, ó dìde, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀", ó gbé àga fún mi, ó ní kí wọ́n lọ ra omi tútù wá. Ó fa bùlọ́ọ̀kù irin méjì jáde àti ọ̀pá róbótó kan. A gbé e sórí ìwọ̀n, ó jẹ́ 31 kg. Ó ní ₦11,500 ni kílò kan. Mo ná an títí, ó ní bí òun bá yọ náírà kan níbẹ̀, gbèsè lòun jẹ. Mo san ₦356,500. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo san án! N ò ṣẹ́ kọ́bọ̀ kù sọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ bó ṣe parọ́ náà. Wọ́n fi ọ̀dà yẹ́lò kun ìdí irin náà, bí ẹni pé àmì irú irin ni. Ní igun kan, wọ́n lu lẹ́tà D àti nọ́mbà 2 sí i. Ìpẹtà ti bo gbogbo ara irin yẹn, àmọ́ inú lẹ́tà D náà ń dán yinrin. Irin ti dógùn-ún, lẹ́tà ara rẹ̀ kò dógùn-ún! Mo fi ìka mi pa á, mo rí i pé ó ń dán, ọkàn mi ò sì sọ nǹkan kan fún mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ní pọ́ńṣì lẹ́tà lè lu ohun tó bá wù ú sára irin. Èmi náà ní in nínú àpótí mi.

Ó tún mú òòfà jáde. Ó gbé e lé irin, òòfà gbá a mú gbàmù, ó ní, "Ẹ rí i, ẹ̀gbọ́n, ojúlówó ni." Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Òòfà! Òòfà ń mú D2, ó ń mú ìṣó, ó ń mú ìdérí mílíìkì. Kí ni òòfà fẹ́ fi hàn? Bí mo bá ti rántí èyí, ara mi á gbóná. Ó tún fún mi ní ìwé kan tí wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lórí ẹ̀rọ, nọ́mbà ìyọ́ irin, èyí tí a fi ń dá irin tí wọ́n yọ́ pa pọ̀ mọ̀, wà lórí ìwé náà, kò sí nọ́mbà kankan lára irin tó bá a mu. N ò wò ó. Mo ká a sápò.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n ò dán an wò. Iléyá ti sún mọ́lé, oníbàárà ti san àsansílẹ̀, iná mànàmáná ń lọ, ó ń bọ̀. Ta ni kò ní kánjú? Ẹni tí kò bá ní kánjú, kó sọ fún mi.

Àmọ́ ọmọ iṣẹ́ mi sọ fún mi. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ń lu ihò sára bùlọ́ọ̀kù yẹn, ó ní, "Ọ̀gá, irin yìí mà rọ̀ o, bíìtì kan náà ni mo fi lu ihò mẹ́jọ, kò tíì kú." Irin tó ń jáde lẹ́nu bíìtì rẹ̀ gùn, ó ń ká bí irun ọmọ tuntun. D2 máa ń jẹ bíìtì, gbogbo ẹni tó ti lù ú rí ló mọ̀. Mo ní kó dákẹ́ kó máa ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ló rí ohun tí èmi ò fẹ́ rí.

Owó tí mo fi gé dáì àti pọ́ńṣì tó ń wọnú rẹ̀, ₦180,000. Mo gbé e lọ sí Èkó kí wọ́n fi iná mú un le, ₦60,000. Ẹni tó ṣe é mú un gbóná dé 1,020°C, ó jẹ́ kó tutù nínú atẹ́gùn, ó tún mú un gbóná lẹ́ẹ̀mejì dé 200°C, bó ṣe yẹ kí a ṣe D2 gan-an. Ó yẹ kó tó bí 60 lórí òṣùwọ̀n Rockwell, èyí tí a fi ń mọ bí irin ṣe le tó. Mo so dáì mọ́ ẹ̀rọ. Kò tíì tó ojú hínjì 700 tí etí wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀gún. Mo tú u, mo lọ̀ ọ́, mo so ó padà. Kò tó 300 mìíràn, ẹ̀gún ti tún dé.

Ta ni mo lọ bú? Mo pe ẹni tó fi iná mú un le ní Èkó. Mo ní kò mọṣẹ́, mo ní ó ti jó irin mi nínú iná. Mo gbé e padà lọ, mo tún san ₦60,000, ó tún un ṣe, ó gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń wọn líle irin níṣojú mi. Kò tó 20! Ó ní, "Bàbá, irin yín ni kò gba iná." N ò gbà. Mo bínú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo mú pọ́ńṣì D2 kan tó ti ṣẹ́, èyí tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi sílẹ̀ fún mi, mo gbé e lé gíráńdà. Iná tó ń ta lára rẹ̀ kúrú, ó pọ́n bí ẹyín iná tó fẹ́ kú, kò jìnnà sí òkúta gíráńdà. Mo gbé bùlọ́ọ̀kù tí mo rà lé e. Iná rẹ̀ yẹ́lò, ó ta gbọọrọ dé àyà mi, bí ìgbà tí èèyàn ń gé ọ̀pá irin ìkọ́lé. Mo dúró síbẹ̀, gíráńdà ń pariwo lọ. ₦356,500, ₦180,000, ₦120,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦656,500, láìka owó ọkọ̀ Èkó.

Mo ti pe ẹni Èkó, mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan. Nǹkan wà.

Ọjọ́ Ojúde Ọba, aṣọ régbérégbé wa, ẹgbẹ́ àwa tí ọjọ́ orí wa súnmọ́ra, wà nínú àpótí. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, à ń fi fáìlì pa ẹ̀gún lẹ́nu hínjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, à ń gbọ́ ìlù àwọn tó ń lọ síbi ayẹyẹ náà.

Mo padà lọ bá oníṣòwò náà. Kò pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́. Ó ní èmi ni mo ba irin òun jẹ́ nínú iná, pé ọjà tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù òun, òun ò gbà á padà. Mo ní ká gé díẹ̀ níbẹ̀ ká gbé e lé gíráńdà. Ó ní òun ò ní gíráńdà. Ẹni tó ń ta irin kò ní gíráńdà! Olè ni. Àwọn tó jókòó tì í, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, olè ni wọ́n. N ò tún fọkàn tán ẹnikẹ́ni tó ń ta irin mọ́, ì báà wọ ẹ̀wù funfun, ì báà gbé Bíbélì tàbí tẹ̀sùbáà dání.

Ohun tí ẹ máa ṣe rèé, ẹ má bínú pé mo ń yára. Ẹ má wo ọ̀dà, kálukú ló ń kun èyí tó wù ú. Ẹ mú irin D2 tó dá yín lójú lọ́wọ́ lọ, kí ẹ fi iná tó ń ta lára méjèèjì wé ara wọn. Ẹ gé tín-ín-rín, ẹ fi iná mú un le, ẹ fi fáìlì rẹ́ ẹ: bí fáìlì bá jẹ ẹ́, kì í ṣe D2. Ẹ má san owó tán kí èyí tó parí. Bí iṣẹ́ bá tóbi, ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ka èròjà irin. Àwọn oní-móòdù ike, P20 tí ẹ ń lò kì í dé ní rírọ̀ bí D2, ó ti le díẹ̀, bí 30 lórí Rockwell, kí ẹ tó rà á, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n níwájú yín. Irin H13 sì ni ti àwọn tó ń da álúmínọ́ọ̀mù gbígbóná.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ ra òmíràn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo mú gíráńdà kékeré tèmi lọ́wọ́, mo mú àjákù pọ́ńṣì ọ̀gá mi dání. Bàbá tó ń tà á wò mí, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní ṣé olè ni mo pe òun ni. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n rí iná rẹ̀." Ó fà á sílẹ̀ fún mi. Iná náà kúrú, ó sì pọ́n. Mo sanwó, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n.