irishgenealogy.ie: Àgbéyẹ̀wò fún ẹni tó ń wá ìran rẹ̀ ní Áyálándì

Bí wọ́n bá ti sọ fún yín pé gbogbo ìwé Áyálándì ti jóná, ẹ má gbà á gbọ́. Lóòótọ́, ilé ìpamọ́ ìwé tó wà ní Four Courts, Dublin, jóná nínú ogun abẹ́lé ní oṣù kẹfà ọdún 1922, ìwé ìkànìyàn 1821 sí 1851 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ tán. Ṣùgbọ́n ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú kò sí nínú ilé yẹn. Àwọn ni ìjọba gbé sórí ìkànnì irishgenealogy.ie yìí, a kì í sì í san kọ́bọ̀.

Ìwé ìgbéyàwó àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ Àgùdà bẹ̀rẹ̀ ní 1845. Ti gbogbo ará ìlú, pẹ̀lú ìbí àti ikú, bẹ̀rẹ̀ ní 1864. Ìbí gbọ́dọ̀ ti lé ní 100 ọdún, ìgbéyàwó 75, ikú 50, kí wọ́n tó gbé e síta.

Ẹ kọ orúkọ àti ọdún tí ẹ rò pé ó jẹ́, ẹ fi ọdún mélòó kan kún ọdún náà níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ wá yan àgbègbè ìforúkọsílẹ̀. Ibí yìí ló ti ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí àgbègbè yìí kì í ṣe county (ìpínlẹ̀ ní Áyálándì). Carrick-on-Suir nìkan kó apá kan Tipperary, Waterford àti Kilkenny mọ́ra. Ẹ wá orúkọ ìdílé pẹ̀lú O' níwájú rẹ̀ àti láìsí i. Bridget náà sì lè di Delia.

Ẹ má dúró lórí àbájáde ìwákiri. Ẹ ṣí àwòrán ojú ìwé. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Lórí ìwé ìbí, ẹ máa rí ibi tí wọ́n ti bí ọmọ, orúkọ ìdílé ìyá kó tó wọlé ọkọ, iṣẹ́ baba, àti ẹni tó wá forúkọ sílẹ̀. Bí onítọ̀hún ò bá mọ̀wé, àmì X ló máa wà níbi ìfọwọ́sí. Bí Mary Murphy bá pọ̀ ní àgbègbè kan náà, orúkọ ìyá ni ẹ ó fi yà wọ́n sọ́tọ̀, àfi kí ẹ ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má fọkàn tán ọjọ́ ìbí jù. Owó ìtanràn wà fún ẹni tó bá pẹ́ kó tó forúkọ ọmọ sílẹ̀, torí náà àwọn òbí máa ń sún ọjọ́ ìbí síwájú kó lè dà bíi pé wọn kò pẹ́. Bí ọjọ́ ìrìbọmi bá ṣáájú ọjọ́ ìbí, ti ìrìbọmi ni kí ẹ mú. Ọjọ́ orí inú ìkànìyàn 1911 náà ń fò ju ti 1901 lọ, nítorí owó ìfẹ̀yìntì àwọn àgbà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1909, àwọn kan sì bù kún ọjọ́ orí wọn kí wọ́n lè rí i gbà.

Ìwé ìgbéyàwó ń dárúkọ baba ọkọ àti baba ìyàwó, kì í dárúkọ àwọn ìyá. Ti ikú ìgbà yẹn kì í dárúkọ òbí rárá. Fún ẹni tó ń gun àkàbà ìran, òun ló ṣaláìní jù.

Ìwé àwọn county mẹ́fà ti àríwá (Northern Ireland) kò sí níbí lẹ́yìn 1921. Belfast, lọ́dọ̀ GRONI (ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ti Northern Ireland), ni tiwọn wà, owó sì ni wọ́n ń gbà. Fún ohun tó ṣáájú 1864, ẹ lọ sí registers.nli.ie, ìkànnì ilé ìkàwé orílẹ̀-èdè Áyálándì: ìwé ìrìbọmi ìjọ Àgùdà wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí dé nǹkan bí 1880. Kò sí àpótí tí a ń kọ orúkọ sí, èdè Látìnì sì pọ̀ níbẹ̀: Jacobus ni James, Gulielmus ni William. Ẹ kọ́kọ́ mọ ìjọ tí ìdílé náà ń lọ kí ẹ tó ṣí i.