Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ẹ̀yìn etí, oníbátìrì nọ́ńbà 13: ohun tó lè ṣe fún àgbà, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Oṣù mẹ́wàá la ti ń bójú tó ẹ̀rọ yìí létí àgbà n'Ìbàdàn. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìtọ́jú.

Àgbà tó ń gbọ́ ohùn àmọ́ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ló bá mu jù. Ìró f, s àti ṣ ló máa ń kọ́kọ́ sá létí arúgbó. Ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ inú ọ̀rọ̀ (mí àti dò) ṣì ń wọlé. Ẹ ní kí baba ṣọ́lé, baba gbọ́ pé kí àwọn fọ́lé, ni ará ilé bá ní ó ti ń ṣarán. Ẹ yẹ etí wò ná kí ẹ tó dá iyè lẹ́jọ́. Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun nílé ìwòsàn UCH ń ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ wò ó bóyá ìdọ̀tí ló dí i.

Ẹni tó bá tà á fún yín bí oògùn ìgbàgbé ń tàn yín ni. Nínú ìwádìí ACHIEVE tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2023, ènìyàn 977 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 70 sí 84 ni wọ́n fi ọdún 3 tẹ̀ lé. Lápapọ̀, ẹ̀rọ kò mú ìyàtọ̀ wá fún iyè. Lára àwọn tí ewu ìgbàgbé ti pọ̀ fún tẹ́lẹ̀ nìkan ni bí iyè ṣe ń jó rẹ̀yìn ti fi ìdá 48 nínú 100 dín kù.

Bátìrì nọ́ńbà 13 ní bébà aláwọ̀ ọsàn lẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ ló ń jí i: ẹ bó bébà náà, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó kì í bọ ẹ̀rọ. Ẹni tó bá kánjú á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ó ń lò tó ọjọ́ 10 sí 14. Lílẹ bébà padà kò ní kó pẹ́ sí i. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń sájì rọrùn fún ọwọ́ tó ń gbọ̀n, àmọ́ ó ń fẹ́ iná lálaalẹ́, ẹ̀yin náà sì mọ iná Ìbàdàn.

Òógùn ara ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́ jù. Lálẹ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn bátìrì, kí ẹ fi ẹ̀rọ sínú ike onídèérí pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà. Èyí tó ti pẹ́ níta ti mu omi yó, kò wúlò mọ́. Bí omi bá sé sínú rọ́bà tín-ín-rín tó so ẹ̀rọ mọ́ rọ́bà inú etí, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ kí ẹ tó fẹ́ ẹ. Bí oṣù 3 sí 6, rọ́bà yẹn á ti le gan-an. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá ń súfèé, ẹ má kàn dín ohùn kù. Rọ́bà inú etí lè má jókòó dáadáa, ìdọ̀tí lè wà létí, tàbí kí rọ́bà tín-ín-rín ti là.

Lọ́jọ́ kìíní, wákàtí kan nínú yàrá tó dákẹ́ ti tó. Ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá mú lọ sọ́jà Bódìjà lọ́jọ́ náà á bọ́ ọ sápò, kò sì ní wọ̀ ọ́ mọ́.

Bátìrì yìí jọ oògùn lójú àgbà, ó sì ń wu ọmọdé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e mì, ẹ má dúró kó yà á jáde. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.