Pọ́ǹpù tí kò bàjẹ́ ni wọ́n tún ṣe fún mi

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀dọ́kùnrin kan ní ilé iṣẹ́ tó tún pọ́ǹpù mi ṣe sọ sí mi lórí fóònù ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Ó ní, "Ọ̀gá, ó dà bíi pé ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ afẹ́fẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì." Lọ́jọ́ yẹn nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti yọ afẹ́fẹ́ tó há sójú ọ̀nà epo náà. Dísẹ̀lì ti rin aṣọ mi dé ìgúnpá, ìka mi ti bó níbi tí mo ti ń tẹ pọ́ǹpù ọlọ́wọ́, pelódà, ọkọ̀ ńlá tó ń fi garawa kó yẹ̀pẹ̀, sì dúró níwájú mi bí òkè.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Pelódà àtijọ́ ni, ó ti dúró sójú kan fún ọdún mẹ́fà, koríko ti hù gba abẹ́ rẹ̀ yọ. Mi ò ní sọ bó ṣe tóbi tó tàbí iye ẹrù tó lè gbé, ẹni tó bá ń ka irú nǹkan báyìí ti mọ̀ ọ́n. Kí n tó pe ẹnikẹ́ni, mo ti ṣe èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Mo fi irin gígùn yí ẹ́ńjìnnì kí n lè mọ̀ pé kò tíì gan. Mo pààrọ̀ ọ́ìlì. Mo gbé bátìrì tuntun méjì sí i, fóltì 12 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a so tẹ̀ léra kó lè di 24. Mo sì ha ibi tí wáyà bátìrì ti kan irin ara ọkọ̀ títí ó fi ń dán. Nígbà tí mo tú ìdí táńkì, ohun dúdú kan tó ń fà bí itọ́ ìgbín ló kọ́kọ́ jáde, omi tẹ̀ lé e, kí dísẹ̀lì tó yọjú. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń gbé níbi tí omi àti dísẹ̀lì ti pàdé ló máa ń ṣe epo bẹ́ẹ̀. Mo fọ táńkì, mo pààrọ̀ fíltà.

Mo ta á. Kíkì (mọ́tò kékeré tó ń ta ẹ́ńjìnnì jí) yí i dáadáa, èéfín funfun rú jáde, ẹ́ńjìnnì gbà, ó sáré díẹ̀, ó kú. Mo tún ta á, bákan náà. Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń sọ pé pọ́ǹpù ínjẹ́tọ̀, èyí tó ń fi agbára ti epo sínú ẹ́ńjìnnì, ló bàjẹ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. (Èéfín funfun yẹn ti ń sọ fún mi pé epo ń dé inú sìlíńdà o, àmọ́ ta ló fẹ́ gbọ́?) Mo yí ẹ́ńjìnnì dé àmì rẹ̀, mo gún àmì tèmi náà sára pọ́ǹpù àti sára irin tó jókòó lé, mo tú u, mo sì fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń tú pọ́ǹpù tó sì ń ṣe kálíbíréètì, ìyẹn ṣíṣètò iye epo tó ń tì jáde. Mi ò ní dárúkọ wọn.

Ká sọ òótọ́, ìbẹ̀rẹ̀ wọn dára. Ọmọbìnrin tó ń gba iṣẹ́ wọlé pè mí lọ́jọ́ tí pọ́ǹpù dé, ó kí mi dáadáa, ó ka nọ́ńbà ara rẹ̀ fún mi kí n fi wé tèmi. Nígbà tí wọ́n tú u, wọ́n fi àwòrán gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n tò ó sórí aṣọ funfun bíi pé wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Mo fi àwòrán náà han ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ohun kan ni mo béèrè tí wọn ò dáhùn dáadáa. Mo ní, kí ẹ tó tú u, kí ló ṣe lórí ẹ̀rọ ìdánwò? Wọ́n ní àwọn kì í dán pọ́ǹpù tó ti dúró pẹ́ wò, pé ìdọ̀tí inú rẹ̀ lè há a, títú ló yẹ ẹ́. Ó jọ òótọ́ létí mi. Mo sanwó.

Ó padà dé, wọ́n ti fi ìdérí róbà dí gbogbo ẹnu rẹ̀ kí iyanrìn má baà wọ̀ ọ́, ìyẹn wú mi lórí. Ṣùgbọ́n kò sí wọ́ṣà bàbà kan ṣoṣo, òrùka pẹlẹbẹ tó ń dí ojú ìsopọ̀ páìpù kí epo má baà jò, nínú páálí náà. Wọ́ṣà bàbà! Ẹni tó gba owó iṣẹ́ pọ́ǹpù odidi ò lè fi wọ́ṣà sí i. Mo kó àwọn ti tẹ́lẹ̀ jọ, mo fi iná yan wọ́n títí wọ́n fi pọ́n kí wọ́n lè rọ̀ padà, mo sì lò wọ́n.

Mo dè é, mo bá àmì mu, mo yọ afẹ́fẹ́ níbi fíltà, mo yọ ọ́ níbi àwọn páìpù nọ́sù tó ń fín epo sínú sìlíńdà. Mo ta á. Ó gbà, ó sáré díẹ̀, ó kú.

Ibẹ̀ ni èmi àti ọ̀dọ́kùnrin yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń pè, gbólóhùn kan náà ló ń fún mi: afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́. Nígbà tó yá, ó ní kí n fín ítà, kẹ́míkà olómi tó tètè ń gbiná, sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa èémí. Ẹ́ńjìnnì tèmi ní irin tó ń gbóná níbẹ̀ fún ìgbà òtútù! Ẹni tó bá fín ítà sí irin gbígbóná, ó ń wá ìbúgbàù ni. Mo sọ fún un. Ó dákẹ́, ó wá ní, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé èmi fúnra mi ni mo dè é, garántì ti bọ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé n ò mọ bí wọ́n ṣe ń yọ afẹ́fẹ́. Mo ju fóònù sórí ìjókòó. Ìràwọ̀ òdo ni mo ti pinnu láti fún iṣẹ́ wọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo tiẹ̀ ti kọ ìlàjì ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi gbè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nọ́ńbà wọn ló pè. Ohùn àgbà ni. Ó kí mi, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ sà," àmọ́ mo ti ń gbaradì fún ìjà. Kò dárúkọ pọ́ǹpù rárá.

"Tó bá fẹ́ kú, ṣé lójijì ni àbí díẹ̀díẹ̀?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni, Bàbá. Bí ẹni tí èémí ń tán lára rẹ̀."

"Ẹ ti ka iye ìṣẹ́jú àáyá tó ń lò?"

Mi ò kà á rí. Ó ní kí n lọ kà á, òun á dúró. Mo sáré lọ. 16. Mo tún yọ afẹ́fẹ́, mo tún ta á: 17. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní epo tí mo fi ọwọ́ tẹ̀ sínú fíltà ni ẹ́ńjìnnì ń jẹ tán, pé kò rí òmíràn fà. Ó ní kí n fi táńkì sílẹ̀, kí n bu dísẹ̀lì tó mọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, kí n gbé e kọ́ sókè ju ẹ́ńjìnnì lọ, kí n fi róbà tí a lè rí inú rẹ̀ so ó mọ́ pọ́ǹpù kékeré tó ń fa epo, kí n sì darí èyí tó ń padà sínú kẹ́ẹ̀gì kan náà.

Mo gbé kẹ́ẹ̀gì kọ́ orí àkàbà. Mo ta á. Ó tú èéfín funfun, ó di dúdú, ó mọ́. Kò kú. Mo dúró tì í fún 20 ìṣẹ́jú gbáko, mi ò lè sọ̀rọ̀. Bàbá ṣì wà lórí fóònù, ó ń gbọ́ ìró rẹ̀, ó ní nọ́sù kan ṣì ń kan díẹ̀, pé á mọ́ra tó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i. Láti orí fóònù!

Róbà tó ti inú táńkì wá ló ti sán, lábẹ́ irin tó dè é mọ́ra, níbi tí ojú ò tó. Kò fi ẹ̀kán kan jò, torí ńṣe ni wọ́n ń fa epo gba inú rẹ̀. Dípò kí epo jáde, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé. Mo ti fi ọwọ́ kan róbà yẹn bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ayọ̀ yẹn ò tíì tán tí ìbéèrè kan fi dé. Mo pè é padà. "Bàbá, pọ́ǹpù tí mo kó wá sọ́dọ̀ yín ńkọ́?" Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, "Mo rí i nígbà tó dé. Ó dọ̀tí. Kò bàjẹ́." Ó ní kì í ṣe òun ló ń pinnu èyí tí wọ́n máa tú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì mọ̀ bóyá ó yẹ kí inú bí mi. Àgbà tó lè purọ́ fún mi ni, kò purọ́.

Pelódà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Garawa rẹ̀ máa ń sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí mo bá gbé e sókè fi sílẹ̀, síìlì haidirọ́líìkì (róbà tó ń dí ọ́ìlì inú apá tó ń gbé e) ló fà á, kò kàn wọ́n. Lánàá, ọmọbìnrin ọjọ́ kìíní pè, ó ní ìràwọ̀ mélòó ni mo fẹ́ fún àwọn.

Mẹ́rin nínú márùn-ún. Wọ́ṣà bàbà ni mo fi yọ ọ̀kan.